Owó Ọmọ, Owó Iṣẹ́

Àwa Yorùbá ní ìtàn tiwa pẹ̀lú owó-orí, ìtàn náà kò sì dùn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá yarí ní Abẹ́òkúta nítorí owó-orí tí wọ́n bù lé wọn. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ló ṣáájú wọn, wọn kò sì sinmi títí Aláké fi kúrò lórí oyè fún ìgbà kan ní 1949. Láàárín 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn náà ní àwọn kọ̀yà, ìjà Àgbẹ́kọ̀yà sì gba ìgbèríko kan. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dàgbà mọ̀ pé gbígbà ni ti ìjọba. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí n tó gbàgbọ́, nígbà tí mo gbé iṣẹ́ ìṣirò mi dé Houston, pé ìwé kan náà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń gba owó-orí lọ́wọ́ ẹnìkan ló fi ń fún ẹlòmíràn lówó nítorí pé ó ń tọ́ ọmọ.

Child Tax Credit ni òfin ń pe owó náà. Owó ọmọ ni àwọn èèyàn wa ń pè é. Láti ìparí oṣù kìn-ín-ní títí di àárín oṣù kẹrin, òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ mi: "Ẹ̀gbọ́n, èló ni wọ́n máa fún mi lórí àwọn ọmọ?" Inú púpọ̀ nínú wọn máa ń dùn tí wọ́n bá gbọ́ èsì. Àwọn kan wà tí inú wọn kì í dùn, àwọn sì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ìyá tàbí bàbá tó ń dá ọmọ tọ́, tí àìsàn tàbí ìjàǹbá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé owó àìlera tí àjọ ìjọba tó ń jẹ́ Social Security ń san lóṣooṣù ló fi ń gbọ́ bùkátà.

Bí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá jókòó síwájú mi, ọmọ rẹ̀ máa ń yege nínú gbogbo ìbéèrè tí òfin ní kí n bi í. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún 17 nígbà tí ọdún parí. Ó gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ju ìdajì ọdún lọ. Kì í ṣe òun ló ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ó ní nọ́ńbà Social Security. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há ni ìlà kan tí kò kan ọmọ rárá: èló ni ìyá pa nídìí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá? Ẹni tí kò jẹ ìjọba lówó-orí kankan, tó sì ń retí kí wọ́n ka owó náà lé òun lọ́wọ́, gbọ́dọ̀ ti pa ju $2,500 lọ nídìí iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó máa ṣírò sẹ́ǹtì 15 fún un lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Wọn kì í ka owó àìlera mọ́ owó iṣẹ́. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó jẹ́ pé owó àìlera nìkan ló gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí, òdo ni yóò bá níbẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀run ni òfin yìí ti já bọ́. Ní 1975 ni Amẹ́ríkà dá EITC sílẹ̀, owó ìwúrí fún òṣìṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan. Sẹ́nétọ̀ Russell Long láti Louisiana, tó jà fún un, kò fi bò pé iṣẹ́ ni òun fẹ́ fi owó náà yìn. Ní 1997 ni Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí òfin tó bí owó ọmọ: $400 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní 1998, ó sì di $500 ní 1999. Lásìkò yẹn, fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ẹ̀dínwó lásán ni. Ẹni tí kò jẹ owó-orí kò ní ohun tí wọn yóò dín fún un. Ní 2001, abẹ́ Ààrẹ Bush, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn: ẹni tí kò jẹ owó-orí náà lè gbà lára rẹ̀ sọ́wọ́, bí ó bá ti pa ju $10,000 lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sún ààlà yìí. Ó di $3,000 ní 2009, ó di $2,500 ní 2018, ọdún tí owó ọmọ fúnra rẹ̀ di $2,000. Òfin 2025 sọ ọ́ di $2,200, ṣùgbọ́n èyí tí ẹni tí kò jẹ owó-orí lè gbà sọ́wọ́ níbẹ̀ kò lè ju $1,700 lọ.

Ìtàn yìí ní ohun tó ń sọ fún ẹni tó bá fetí sí i. Láti 2001 ni ìjọba ti gbà pé owó ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó owó-orí nìkan mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń gbà á kò jẹ owó-orí kankan. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé ẹni tó wà lórí owó àìlera kò lè gba owó ọmọ nítorí kò san owó-orí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ti àtijọ́. Ohun tó ya ìyá tó ń gbà sọ́tọ̀ kúrò lára ìyá tí kò gbà ni pé ọ̀kan ní ìwé owó oṣù, èkejì kò ní.

Obìnrin kan wà tí mo ti ń bá ṣe ìwé rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin wa ní ìlú yìí ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ̀yìn ni wọ́n sì fi ń ṣe é: ká gbé aláìsàn dìde, ká yí i padà lórí ibùsùn, ká dì í mú kó má bàa ṣubú. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn obìnrin náà kọ̀ fún un. Iṣẹ́ abẹ kò mú un bọ̀ sípò, ọkọ sì ti bá tirẹ̀ lọ ṣáájú àkókò náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìwé àti ìgbẹ́jọ́, Social Security gbà pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n sì ń san owó àìlera tí wọ́n ń pè ní SSDI fún un. Owó yẹn kì í ṣe sàráà. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń yọ 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí àpò Social Security, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ náà sì ń san iye kan náà. Ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ tó kò lè gba SSDI, bó ti wù kí àìsàn rẹ̀ le tó. Iṣẹ́ àná ni obìnrin náà ń jẹ lónìí.

Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Nígbà tí obìnrin yìí dé ìdí ìlà owó iṣẹ́ lórí fọ́ọ̀mù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tàn án jẹ. Ó bi mí pé, "Bùọ̀dá, ṣé èyí tí mo ṣe nígbà yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ni?" Mo ní iṣẹ́ ni. Mo tún sọ fún un pé òfin owó-orí kò kà á sí iṣẹ́ ọdún yìí, kò sì ka èso rẹ̀ sí èso iṣẹ́. Ó gbọ́ mi yé. Pé ọ̀rọ̀ yéni kò sọ pé ó tọ́.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà máa gbé mi nínú ni pé ìjọba kan náà ló wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kí Social Security tó fún ẹnikẹ́ni lówó àìlera, wọ́n á wádìí bóyá ó lè ṣe iṣẹ́ gidi kankan, kì í ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìkan. Àìlera náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí yóò gbà tó oṣù 12 ó kéré tán, tàbí èyí tó lè yọrí sí ikú. Wọ́n á wo ìwé dókítà, wọ́n á wo ọjọ́ orí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ lé padà kí wọ́n tó gbà. Lẹ́yìn gbogbo ìwádìí yìí, ìjọba fọwọ́ sí i pé obìnrin yìí kò lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí àsìkò owó-orí dé, ìjọba tún bi í pé níbo lowó iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹni tí a ti fi ìwé àṣẹ sọ pé kò lè ṣiṣẹ́, a kì í tún fi àìṣiṣẹ́ dá ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ti àwọn tó wà lórí SSI tún le ju èyí lọ. SSI ti wà láti 1974 fún arúgbó àti aláìlera tí kò ní nǹkan, títí kan àwọn tí àìsàn kò jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ pẹ́ tó láti yẹ fún SSDI. Ní 2025, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń san fún ẹnìkan kò ju $967 lọ lóṣù. Ọmọ ẹni tó ń gba SSDI lè ní ìpín tirẹ̀ lórí àkọsílẹ̀ òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n SSI kò ní irú ìpín bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ẹni tó ń gbà á kò sì gbọ́dọ̀ ní ju $2,000 lọ nípamọ́, iye tí wọn kò tíì fi kọ́bọ̀ kún láti 1989. Àwọn baba wa wí pé èèyàn bí àparò layé ń fẹ́. Ó jọ pé ẹni tó kọ òfin yìí gbọ́ òwe náà, ó wá fi ṣe ìlànà. Mo ti rí ìyá tó bẹ̀ mí pé kí n má fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ rárá, nítorí ó gbọ́ pé owó tí ìjọba bá dá padà yóò ba SSI òun jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 2010 ni òfin ti sọ pé owó tí IRS, àjọ agbowó-orí Amẹ́ríkà, dá padà kì í ṣe owó tó wọlé, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ohun ìní fún oṣù 12. Àmọ́ ìbẹ̀rù kì í dúró ka òfin.

Ẹjọ́ tí mo máa ń rántí jù nígbà tí mo bá ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ẹ̀gbọ́n wà lórí owó àìlera nítorí kíndìnrín, ó ní ọmọ méjì, kò sí bàbá nílé. Àbúrò jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò tíì bímọ. Inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ìkòkò kan náà ni wọ́n fi ń se oúnjẹ, àwọn ọmọ sì ń pe àwọn méjèèjì ní mọ́mì. Bí ẹ̀gbọ́n bá kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú ìwé owó-orí tirẹ̀, òdo. Bí ẹ̀gbọ́n bá yọwọ́, tí àbúrò kọ wọ́n sínú tirẹ̀, $4,000 lórí àwọn méjèèjì nígbà náà. Òfin sì fàyè gbà á, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ fún àbúrò, wọ́n bá a gbé ju ìdajì ọdún lọ, owó tó wọlé fún un sì ju ti ìyá wọn lọ lójú òfin. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀.

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, àbúrò sì kó gbogbo owó náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n wá sọ́dọ̀ mi, ojú ẹ̀gbọ́n kò sì dá. Ó ní owó kọ́ ló ń dun òun. Ó ní òun lóun rọbí, òun lóun ń jí lóru tí ikọ́ bá mú wọn, ṣùgbọ́n lórí ìwé, àwọn ọmọ kò ní iye lórí àfi tí wọ́n bá kúrò lábẹ́ orúkọ òun. N kò ní èsì tó lè tù ú nínú. Ọmọ kan náà, abẹ́ òrùlé kan náà, abọ́ oúnjẹ kan náà: ó di iye méjì nítorí pé ẹni méjì ló lè fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ibi tí òfin yìí ti ya kúrò lọ́nà, ibẹ̀ gan-an ni kó wò.

Irú rẹ̀ tún ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìyá àti bàbá tí kò gbé pọ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà tí ìyá tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lè fọwọ́ sí, kí bàbá tó wà níbòmíràn lè gba owó ọmọ náà. Fún àwọn tó fẹnu kò, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí bàbá tó sọ ọ́ di ọjà. Ó mọ̀ pé kò sí ohun tí ìyá aláìlera yóò rí gbà lórí ọmọ, ó wá ní kó fọwọ́ sí i, òun á fún un ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Ta ni yóò sọ pé ìyá náà kò gbọ́dọ̀ gbà? Bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ìyá yẹn fọwọ́ sí i, ó sì fi owó tó rí ra aṣọ iléèwé. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n rẹ̀. Síbẹ̀, ìyá kò yẹ kó máa ná ọjà lórí ọmọ tó ń gbé nínú yàrá rẹ̀.

Ọdún kan wà tí gbogbo èyí yí padà. Ní oṣù kẹta 2021, lásìkò àrùn kòrónà, Ààrẹ Biden fọwọ́ sí òfin tó sọ owó ọmọ di $3,600 lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, àti $3,000 lórí àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ títí kan ọmọ ọdún 17. Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé wọ́n wó ògiri owó iṣẹ́ palẹ̀. Òbí tí kò pa kọ́bọ̀ nídìí iṣẹ́ gbà á bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ méjì. Láti oṣù keje títí di oṣù kejìlá, wọ́n ń san ìdajì rẹ̀ lóṣooṣù, $300 tàbí $250 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìdajì yòókù sì wọlé lẹ́yìn tí èèyàn bá fi ìwé ọdún náà ránṣẹ́.

Lọ́dún yẹn, àwọn tí n kò rí rí bẹ̀rẹ̀ sí í wá, àwọn tó ti pẹ́ lórí owó àìlera tí wọn kò fi ìwé owó-orí ránṣẹ́ rí, nítorí òfin kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Èyí gan-an ló jẹ́ ìṣòro: ẹni tí IRS kò mọ̀ pé ó ní ọmọ, wọn kò lè sanwó ọmọ fún un. Bàbá kan wà nínú wọn, awakọ̀ akẹ́rù tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá jókòó, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọdún 4 àti ọdún 9. Ó ń gba $550 lóṣù fún àwọn ọmọ náà. Ó sọ fún mi pé ohun àkọ́kọ́ tí òun ṣe ni pé òun ra ibùsùn kejì, nítorí orí ibùsùn òun ni àwọn ọmọ ń sùn. Kò ra mọ́tò, kò mu ọtí, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí kò ní iṣẹ́ tí yóò fi sílẹ̀. Nígbà tí òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀, tí a ṣe ìwé ti 2022, owó ọmọ rẹ̀ padà di òdo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí padà láàárín ọdún méjèèjì, àwọn ọmọ kò sì dín.

Àjọ ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà náà rí i. Lórí òṣùwọ̀n wọn tó ń ka ìrànwọ́ ìjọba mọ́ owó ìdílé, àwọn ọmọdé tó wà nínú ìṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2021, ó sì gòkè padà sí 12.4 ní 2022. Owó ọmọ nìkan kọ́ ló fà á, nítorí àwọn ìrànwọ́ kòrónà mìíràn náà parí, ṣùgbọ́n ipa tirẹ̀ kò kéré. Àwọn tó ta ko ọ̀nà náà ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì sọ pé bí òbí bá ń gba owó láìṣiṣẹ́, yóò jókòó sílé. Ó ṣeé ṣe kí a jiyàn lórí ìyẹn ní ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ní ti ẹni tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti yẹ̀ wò tó sì sọ pé kò lè ṣiṣẹ́, àríyànjiyàn náà kò bá a mu. Ẹ kò lè fi ìyà lé ẹni tí kò lè rìn sáré.

Mo mọ̀ pé nínú àwa Yorùbá náà, ọ̀pọ̀ ló fara mọ́ òfin yìí ní ọkàn wọn. A kórìíra ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ni wọ́n fi tọ́ wa, òun náà la sì gbé wá sí ilẹ̀ yìí. Ẹ bi awakọ̀ tasí àti nọ́ọ̀sì alẹ́ léèrè. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ níbi ayẹyẹ pé ìyá báyìí-báyìí kàn jókòó ni, ó ń jẹ owó ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi àṣà wa gbe òfin yìí lẹ́sẹ̀, kó fi odindi àṣà náà sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ tó kórìíra ọ̀lẹ ló dá àáró àti ọ̀wẹ̀ sílẹ̀. Bí àìsàn bá dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ nígbà òjò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ro oko rẹ̀, kí ebi má bàa pa àwọn ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò pe irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ní ti àkàndá ẹ̀dá, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè é, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ṣẹ̀sín. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó kọ iṣẹ́ àti ẹni tí iṣẹ́ kọ̀. Òfin owó ọmọ ni kò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n tún ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lórí owó àìlera ni ara wọn jọ ara èèyàn. Ìyá tí àrùn lupus ń yọ lẹ́nu lè wé gèlè dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, kó sì wà lórí ibùsùn títí di Ọjọ́rú nítorí gèlè yẹn. Iṣẹ́ tó ń ṣe nílé, ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀: kó jí ọmọ lójú oorun fún iléèwé, kó bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nígbà tí egungun ń ro ó. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bí ìyá yìí bá gbé ọmọ rẹ̀ fún aládùúgbò kó bá òun tọ́jú rẹ̀, tó sì sanwó fún un, owó iṣẹ́ ni owó náà lọ́wọ́ aládùúgbò, ó sì lè fi gba owó ọmọ lórí ọmọ tirẹ̀. Tí ìyá bá fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọ, òdo.

Òfin tó bá sé ọ̀nà tààrà mọ́ aláìní, ọ̀nà ẹ̀yìn ni yóò là sílẹ̀ fún un. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì ní ilé àńjọ̀fẹ́: bí oṣù kejì bá ti dé ni àwọn aṣèwé òjijì máa ń yọ jáde. Wọ́n á sọ fún ìyá aláìlera pé kó sọ pé òun ń dirun fún àwọn èèyàn nínú ilé, àwọn á kọ iye tó yẹ sílẹ̀ fún un, owó ọmọ àti EITC á jáde, àwọn á sì gba tiwọn nínú rẹ̀. Nígbà tí IRS bá béèrè ìwé ẹ̀rí, aṣèwé ti pòórá. Ìyá ni yóò dá owó padà. Bí wọ́n bá rí i pé ó fi ojú di òfin, ó lè lọ ọdún 2 láìgba owó ọmọ. Bí ó bá jẹ́ jìbìtì, ọdún 10 ni. Èyí tó tún burú ni pé irọ́ iṣẹ́ yẹn lè dé ọ̀dọ̀ Social Security, tí wọ́n á wá bi í pé ṣé ẹ̀yìn tó ń dunni ló ń dirun. Mo kọ̀ láti ṣe é fún ẹnikẹ́ni, àwọn kan sì ti bínú kúrò lọ́dọ̀ mi nítorí rẹ̀. N kò bá wọn jà. Ẹni tí ebi ń pa kọ́ ni mo dá lẹ́bi jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ó yí iṣẹ́ tiwa náà padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìṣirò ni wọ́n ń wá gbà lọ́wọ́ wa. Lónìí, òfin ti sọ wá di aṣọ́nà. A gbọ́dọ̀ bi ìyá pé ta ló ń gbé inú ilé rẹ̀, ta ló ń sanwó ilé, kí ló dé tí orúkọ bàbá kò sí níbẹ̀, ká kọ èsì sílẹ̀, ká sì fọwọ́ sí i pé a béèrè. Tí a kò bá béèrè, àwa la máa san owó ìtanràn. Ó ní ibi tó dára, nítorí ó lé àwọn onírọ́ díẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró níwájú Social Security láti fi hàn pé ara òun kò dá, tó tún wá dúró níwájú mi láti fi hàn pé ọmọ òun ni ọmọ òun, ó ti rẹ̀ ẹ́ kí n tó ṣí ìwé. Mo ti kọ́ láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàáfíà ilé àti orúkọ àwọn ọmọ, kí ìbéèrè ìjọba tó tẹ̀ lé e.

Àwọn tó ní agbára díẹ̀ máa ń béèrè bóyá àwọn lè ṣe iṣẹ́ kékeré kí owó ọmọ lè jáde. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tó bá pa $8,500 lọ́dún lè rí $900 lórí ọmọ. Ní 2025, ẹni tó wà lórí SSDI lè pa owó tí kò tó $1,160 lóṣù láìjẹ́ pé Social Security kà á sí oṣù ìdánwò iṣẹ́. Ẹni tó wà lórí SSI kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, nítorí lẹ́yìn díẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, wọ́n ń yọ dọ́là kan kúrò nínú méjì tó bá pa. Ẹni tó bá lè ṣe é, mo máa ń gbà á níyànjú kó ṣe é, kó sì sọ ọ́ fún Social Security kí wọ́n tó bi í. Àmọ́ mo mọ ohun tí ó ń fi dánwò. Bí oṣù kan bá dára fún un, ẹnìkan lè sọ pé ara rẹ̀ ti yá. Bí oṣù tó tẹ̀ lé e bá dá a dùbúlẹ̀, ta ló máa san owó ilé?

Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti wí pé ìdílé ló ni ọmọ. Tiwa ni pé ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í bá a wò ó. Owó ọmọ, láti ìgbà tí ó ti kọjá ẹ̀dínwó lásán, jẹ́ ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè ńlá kan gbà di ara igba èèyàn yẹn. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ lágbára ni wọ́n ń bá ìyá wò, tí wọ́n sì ń kọjá ọmọ tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ti dojú rú, nítorí ọmọ kejì ló nílò igba èèyàn jù. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí òfin ka owó SSDI sí èso iṣẹ́, nítorí iṣẹ́ ló bí i. Kó sì mú ààlà $2,500 kúrò lọ́nà fún ẹnikẹ́ni tí Social Security bá ti fọwọ́ sí àìlera rẹ̀. Kò ní í nílò ìwádìí tuntun, ìwé ẹ̀rí ti wà nínú fáìlì ìjọba.

Títí ìgbà tí wọ́n máa ṣe é, n ó máa sọ fún àwọn òbí wọ̀nyí pé kí wọ́n fi ìwé wọn ránṣẹ́ lọ́dọọdún, kódà bí òdo bá wà níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí ní 2021, àwọn tí orúkọ ọmọ wọn ti wà lọ́wọ́ IRS ló kọ́kọ́ wọlé. Ilẹ̀kùn náà lè ṣí padà. Ní ti ìbéèrè tí òfin ń bi ìyá aláìlera nípa iṣẹ́, ìjọba ti fúnra rẹ̀ dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí i pé kò lè ṣe é. Ìbéèrè tó kù jẹ́ ti ọmọ, ọmọ sì ti yege.